Ọ̀nà Àbọ̀ Ogun

Ìbéèrè: "Bàbá Olùkọ́, ẹ kú iṣẹ́ o. Sójà ni àbúrò mi ọkùnrin. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ti gbé e lọ sí Borno. Ìyàwó àtàwọn ọmọ rẹ̀ wà ní bárékè Òdògbó níbí. Níbi ìpàdé ẹbí wa tó kọjá, díẹ̀ ló kù kí ìjà ṣẹlẹ̀. Ẹ̀gbọ́n bàbá wa ní ká ṣáà máa ti sójà lẹ́yìn títí wọn yóò fi pa Boko Haram run, pé ẹni tó bá ń sọ̀rọ̀ àdéhùn, ọ̀tá sójà ni. Ọmọ mi tó wà ní Pólì ní irọ́ ni, pé ẹni tó bá fẹ́ràn sójà ló máa ní kí wọ́n máa bọ̀ nílé kíákíá. Wọ́n kọjú sí mi, n kò rí nǹkan sọ. Mo fẹ́ kí àbúrò mi ṣẹ́gun, mo sì fẹ́ kó wálé. Ṣé ọ̀dàlẹ̀ ni mí ni? Nígbà Kírìjì, báwo làwọn baba wa ṣe ṣe irú ọ̀rọ̀ yìí? Èmi ni Ìyá Kẹ́hìndé, Bẹẹrẹ."

Ìyá Kẹ́hìndé, ẹ kú àtijọ́. Ẹ kú ojú lọ́nà pẹ̀lú. Ẹni tí èèyàn rẹ̀ bá wà lójú ogun, oorun rẹ̀ kì í kún ojú. Ẹ kì í ṣe ọ̀dàlẹ̀. Ohun tó ń ṣe yín yìí ti ṣe ìlú yìí rí nígbà ogun Kírìjì tí Ìbàdàn bá Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà jà, láti 1877 títí di 1893, ọdún mẹ́rìndínlógún gbáko. Ẹ̀gbọ́n bàbá yín àti ọmọ yín, ohun kan náà làwọn méjèèjì gbàgbé, mo sì ń bọ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú yín gba ọ̀dọ̀ Ẹfúnṣetán Aníwúrà kọjá, torí lára rẹ̀ ni mo ti kọ́ bí "ẹ ti ọmọ ogun lẹ́yìn" ṣe lè di ohun tí wọ́n fi ń dè èèyàn mọ́lẹ̀.

Bí ẹ bá gba Challenge kọjá, ẹ ó rí ère rẹ̀. Ohun tí gbogbo ayé mọ̀ nípa obìnrin náà kò ju ìkà tó ṣe sáwọn ẹrú rẹ̀ lọ, ìkà ọ̀hún sì pọ̀, n kò ní bá a fọ̀ ọ́ mọ́. Àmọ́ nígbà tí Látòósà, Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò tó jẹ́ olórí Ìbàdàn, yọ ọ́ lóyè Ìyálóde ní 1874, ọ̀rọ̀ ẹrú kọ́ ló gbé dìde. Ẹ̀sùn mẹ́ta ló fi kàn án. Kò bá òun lọ sógun Adó. Kò fi nǹkan kan ránṣẹ́ sí òun ní gbogbo ìgbà tí òun fi wà lójú ogun. Nígbà tí òun sì ń bọ̀, kò fẹsẹ̀ ara rẹ̀ jáde sẹ́yìn odi wá kí òun kú àbọ̀. Ẹ tún un kà, ìyá. Àìti ọmọ ogun lẹ́yìn ni ẹ̀sùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Kí ló sì wà lábẹ́ aṣọ? Oníṣòwò ńlá ni Ẹfúnṣetán. Òun wà lára àwọn tó ń ta ìbọn àti ẹ̀tù ní àwìn fáwọn ìjòyè nígbà tí wọ́n bá ń lọ sógun. Wọ́n á lọ, wọ́n á kó ẹrú àti ẹrù bọ̀, gbèsè á sì wà níbi tí wọ́n gbé e sí. Nígbà tó sú u, ó dáwọ́ àwìn dúró. Ohun tó ṣe kò ju ti ìyá aláṣọ kan ní Gbági tó lẹ "àwìn dọ̀la" mọ́ ẹnu ìsọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n Ààrẹ gbé e jáde sí gbangba pé ó kẹ̀yìn sí ọmọ ogun Ìbàdàn. Wọ́n yọ ọ́, wọ́n fi ẹlòmíì jẹ Ìyálóde, kí ọdún yẹn sì tó parí, wọ́n ti pa á lóru nínú ilé ara rẹ̀.

Ó yẹ kí ẹ mọ bí Ìbàdàn ṣe rí nígbà náà kí ọ̀rọ̀ yìí tó yé yín. Bàbá ogun ló ni ọmọ ogun. Agboolé rẹ̀ lọmọ ogun ń gbé, ìbọn rẹ̀ ló ń gbé lọ, ohun tó bá kó bọ̀, bàbá ogun ló ń pín in. Nítorí náà, kò ṣòro fún bàbá ogun láti sọ pé ire òun ni ire ọmọ ogun, pé ẹni tó bá bi òun ní ìbéèrè, ọmọkùnrin tó wà nínú koto lójú ìjà ló ń tu itọ́ sí lójú. Mo fẹ́ kí ẹ fi ìyàtọ̀ yìí sọ́wọ́ tí ẹ bá ń padà lọ sípàdé ẹbí. Ọ̀tọ̀ ni ọmọ ogun. Ọ̀tọ̀ ni bàbá ogun. Bí ẹnikẹ́ni bá ní kí ẹ ti sójà lẹ́yìn, ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá àbúrò yín ló ń sọ ni, àbí ọ̀gá tó wà ní Àbújá.

Ó yá, Kírìjì.

Ẹ̀tù náà ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ní 1877, Látòósà ránṣẹ́ lọ ra ìbọn àti ẹ̀tù ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) tó wà létí ọ̀sà. Ẹ̀gbá ní kò sóhun tó jọ ọ́, wọ́n dí ọ̀nà. Ààrẹ ní òun máa bá Ẹ̀gbá jà. Àwọn ìjòyè kan kò fẹ́ ẹ. Ó rẹ̀ wọ́n, wọ́n sì mọ̀ pé bí Ẹ̀gbá bá dí ọ̀nà, Ìjẹ̀bú náà yóò dí tiwọn, iyọ̀ kò ní wọ̀lú mọ́. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ ṣe kókó níbẹ̀ ni Sẹ́ríkí Ìyápọ̀, ọmọ Balógun Ìbíkúnlé. Kò fara mọ́ Ààrẹ. Wọ́n fipá mú un gba ẹ̀mí ara rẹ̀ lọ́dún yẹn. Lẹ́yìn èyí, àtìlẹ́yìn di ọ̀kan ṣoṣo ní ìlú, torí kò sẹ́ni tó fẹ́ kú mọ́. Mo máa ń sọ fáwọn tí mo kọ́ níṣẹ́ pé kí wọ́n ṣọ́ra fún ìlú tí gbogbo èèyàn ibẹ̀ bá ti ń fohùn ṣọ̀kan lórí ogun: kí wọ́n kọ́kọ́ bèèrè ibi tí ẹni tó sọ pé rárá wà.

Àwọn ará Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà tó ń kà mí, ẹ má bínú, mo mọ̀ pé lójú yín, ibòmíì logun ti bẹ̀rẹ̀. Òótọ́ ni. Àwọn ajẹ́lẹ̀ tí Ìbàdàn rán sí ìlú yín ń jẹ ewúrẹ́ onílé, wọ́n ń gba ìyàwó oníyàwó, wọ́n sì ń pe ara wọn ní ọba kékeré. Oríkì wa kò sì fi í pa mọ́: Ìbàdàn májàmájà bíi tọjọ́ kìíní, èyí tó ja aládùúgbò gbogbo lógun. Ní 1878, Fábùnmi ní Òkè-Ìmẹ̀sí pa àwọn èèyàn Ìbàdàn, iná ràn káàkiri, Èkìtì parapọ̀. Ògèdèǹgbé ará Iléṣà ló wá di olórí ogun wọn. Ẹ bi mí pé níbo ni Ògèdèǹgbé ti kọ́ ogun? Ìbàdàn níbí ni. A mú un lẹ́rú rí, ó bá jagunjagun wa gbé, ó rí bí a ṣe ń ṣe é.

Kò ju ìjà kan lọ tí mo fẹ́ kí ẹ rántí kí a tó dé Kírìjì fúnra rẹ̀. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kọkànlá 1878, Balógun Àjàyí Ògbóríẹ̀fọ̀n kọ lu Ìlọrin, Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì lẹ́ẹ̀kan náà ní Ìkìrun, ó sì ṣẹ́gun. Jálumi ni wọ́n ń pe ogun náà, torí nígbà tí àwọn tí a ṣẹ́gun kẹ̀yìn dà, odò Ọ̀tìn ló wà níwájú wọn. Wọ́n já lu omi. Odò pa èèyàn lọ jàra. Ẹ jẹ́ kí odò yẹn wà lọ́kàn yín, a ó tún padà kàn án.

Látòósà gbéra fúnra rẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn. Ó lérí pé bí òun bá ti parí ogun yìí, kò ní sí ogun mọ́ láéláé ní ilẹ̀ Yorùbá. Gbogbo bàbá ogun ló ń sọ bẹ́ẹ̀. Kò padà rí Òkè-Ààrẹ, àdúgbò rẹ̀ ní Ìbàdàn, mọ́. Ibùdó ló kú sí ní 1885.

Mo ti dé ibẹ̀ rí. Láti Ìgbájọ sí Ìmẹ̀sí-Ilé kò jìnnà, òkè ló yí i ká, ẹ lè dúró níbi tí ibùdó Ìbàdàn wà kí ẹ fojú wọn ibi tí Èkìtì Parapọ̀ tẹ̀dó sí. Bí ìbọn bá dún, òkè á gbà á lẹ́nu ara wọn, kì-rì-jì, kì-rì-jì, bẹ́ẹ̀ ni ogun ṣe gba orúkọ. Ohun tó yà mí lẹ́nu kò ju bó ṣe sún mọ́ra lọ. Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi wo ara wọn lójú níbẹ̀. Ibùdó di ìlú: wọ́n kọ́lé, wọ́n dáko, wọ́n ná ọjà, wọ́n bímọ. Àwọn ọmọ kan kò mọ ilé mìíràn ju ibùdó lọ.

Ta ló wá ń bọ́ ogun náà? Níbí, àwọn obìnrin ni, ẹrú oko ni, àti ọ̀nà Oǹdó tó kù tí ẹ̀tù ń gbà wọlé. Lọ́dọ̀ tiwọn, àwọn ọmọ Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà tó wà ní Èkó, tí ọ̀pọ̀ wọn ti Sàró (Sierra Leone) dé, dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, wọ́n dáwó, wọ́n sì fi ìbọn Snider ránṣẹ́. Ìdí ni wọ́n ti ń ki ìyẹn, ó sì ń yìn lọ ràì. Ṣakabùlà ló kù lọ́wọ́ àwọn ọmọ wa, tí èèyàn á kì, á gún, á tún da ẹ̀tù sójú ihò kó tó yìn ín. Àwọn akọni wa kú bí adìẹ. Nígbà tí mo ṣì jẹ́ ọ̀dọ́, inú máa ń bí mi sáwọn ará Èkó yẹn pé wọ́n jókòó síbi tí ọta kò dé, wọ́n ń koná mọ́ ọn. Mo ti dàgbà, mo ti yí ohùn padà. Ká ní wọn kò fi ìbọn yẹn ránṣẹ́ ni, ajẹ́lẹ̀ ni ì bá padà lọ jókòó lé wọn lórí. Àtìlẹ́yìn tó mú ogun pẹ́ náà ló gba àwọn èèyàn wọn là. N kò mọ bí a ṣe lè ya ọ̀kan kúrò lára èkejì, mo sì fura sí ẹni tó bá ní òun mọ̀ ọ́n.

Ẹ jẹ́ ká wá bi àwọn tó ń jà gan-an. Ìjẹ̀bú ló kọ́kọ́ fi hàn. Àwọn ọmọ ogun Ìjẹ̀bú tẹ̀dó sí Orù, Balógun Ọnàfowókàn ló ṣáájú wọn. Àwọn gan-an tó mú ìbọn lọ́wọ́ ló ní ó tó gẹ́ẹ́: ẹ ṣí ọ̀nà, ẹ jẹ́ ká bá Ìbàdàn ṣòwò. Awùjalẹ̀ Adémúyẹ̀wọ́ Fidípọ̀tẹ̀, tó wà láàfin, ló ní kò ṣeé ṣe. Bó ṣe di 1883 nìyẹn, ọba fi ìlú sílẹ̀, ó gba Ẹ̀pẹ́ lọ, ibẹ̀ ló sì wà títí ó fi kú. Ẹ sọ èyí fún ẹ̀gbọ́n bàbá yín. Ẹni tó ń kígbe pé kí ogun máa lọ kì í sábà jẹ́ ẹni tí iwájú ogun ń gbé. Ọ̀pọ̀ ìgbà, ilé ni igbe náà ti ń wá, lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́.

Bí àwọn jagunjagun bá wá ti fẹ́ parí rẹ̀, kí ló dé tó fi pẹ́ tó bẹ́ẹ̀? Ibí lọ̀rọ̀ wà, ìyá. Ibí ni ọmọ yín tó wà ní Pólì náà gbọ́dọ̀ ti gbọ́.

Ọ̀nà àbọ̀ ni. Ọ̀nà àlọ ogun, gbogbo èèyàn ló mọ̀ ọ́n: wọ́n á lu ìlù, wọ́n á kọrin, àwọn obìnrin á sìn wọ́n dé odi. Ṣùgbọ́n ta ni yóò kọ́kọ́ kẹ̀yìn? Ogun tó bá tú ibùdó ká lójú ọ̀tá, tí obìnrin, ọmọdé, arúgbó àti ẹrù wà láàárín rẹ̀, tó wá kọ ẹ̀yìn sí Snider, òun ni yóò já lu omi. Ìbàdàn mọ̀ bẹ́ẹ̀ dájú, torí àwa la lé àwọn ẹlòmíì sínú Ọ̀tìn. Èkìtì náà sì mọ̀ ọ́n, torí èèyàn wọn ló bá omi lọ. Nítorí náà àwọn méjèèjì jókòó. Ọ̀tá kò jẹ́ kí wọ́n lọ síwájú, ìbẹ̀rù kò jẹ́ kí wọ́n padà.

Oyè náà tún wà ńbẹ̀. Kakaǹfò kì í padà lọ́wọ́ òfo. Bí àṣà ṣe wí, kó ṣẹ́gun wálé, tàbí kí wọ́n gbé òkú rẹ̀ wálé. Ẹni tí a bá ti fi irú oyè yẹn dá lọ́lá, a ti gba ọ̀nà àbọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ká ní Látòósà tilẹ̀ jí lọ́jọ́ kan ní ibùdó, tó ní ọ̀rọ̀ yìí ti sú òun, ibo ni yóò gbà wọ Ìbàdàn? Nígbà tó kú ni ẹnu tó lè sọ̀rọ̀ àlàáfíà wá fẹ̀ díẹ̀.

Aláàfin Adéyẹmí Kìíní ti rí èyí ṣáájú. Ní oṣù Kẹwàá 1881 ó kọ̀wé sí gómìnà ìlú Èkó pé kí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì wá dá sí i. Ẹni tó gbé ìwé náà lọ ni Samuel Johnson, tó ti ṣiṣẹ́ ìjọ ní Arẹ̀mọ níbí kó tó lọ di olùṣọ́àgùntàn ní Ọ̀yọ́. Lọ́ńdọ̀nù kò kọ́kọ́ dá a lóhùn tó yẹ. Àlùfáà J. B. Wood ti ìjọ míṣọ́nnárì CMS lọ sáàárín wọn, kò bọ́ sí i. Ó di 1886, lẹ́yìn ikú Ààrẹ, kí wọ́n tó rán Johnson àti Charles Phillips láti máa ti ibùdó kan bọ́ sí èkejì. Ọjọ́ kẹrin oṣù Kẹfà ọdún yẹn ni wọ́n ṣe àdéhùn: Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà di òmìnira, Ìgbájọ, Ọ̀tan, Ìrẹ̀sì àti Àdá wà lọ́dọ̀ Ìbàdàn, ẹni tí kò bá sì fẹ́ gbé ibẹ̀ lè kó jáde, Aláàfin àti Ọwá Iléṣà di ẹ̀gbọ́n àti àbúrò bíi ti àtijọ́. Èmi fẹ́ràn ìlà tó ní ẹni tí kò bá fẹ́ lè kó jáde. Ẹni tó kọ ọ́ mọ̀ pé àlàáfíà tí kò ní ilẹ̀kùn, túbú ni.

Ní ọjọ́ kẹtàlélógún oṣù Kẹsàn-án 1886, wọ́n tú ibùdó méjèèjì ká. Kì í ṣe pé ìfẹ́ wọ inú wọn lójijì. Àwọn aṣojú Èkó dúró sáàárín pẹ̀lú sójà tiwọn, wọ́n dá ọjọ́, wọ́n dá wákàtí, kí ẹnikẹ́ni má baà lè sáré tẹ̀lé ẹnikẹ́ni. Ohun tí jagunjagun ti ń wá láti ọdún yìí wá nìyẹn, ẹni tó máa dúró lẹ́yìn òun nígbà tí òun bá kẹ̀yìn.

Àti pé kò tán síbẹ̀. Ìlọrin kò fi Ọ̀fà sílẹ̀, ọ̀rọ̀ Ifẹ̀ àti Mọ̀dákẹ́kẹ́ kò yanjú, ogun Ìbàdàn kàn ṣí kúrò ní Kírìjì lọ jókòó sí Ìkìrun ni, Balógun Àjàyí Òṣúngbẹ́kún sì wà níbẹ̀ títí di 1893. Ọdún yẹn ni Gómìnà Gilbert Carter rìn káàkiri ilẹ̀ wa láti Èkó dé Ìlọrin, tó ní kí oníkálukú máa lọ sílé. Wọ́n lọ. Ní oṣù Kẹjọ ọdún náà, Ìbàdàn fọwọ́ sí ìwé tirẹ̀, òyìnbó kan tí wọ́n ń pè ní Kápútẹ́nì Bower sì kó wọ ìlú gẹ́gẹ́ bí aṣojú ìjọba. Ẹni tó wá làjà kò padà sílé mọ́. Ó di ọdún 1960. Nítorí náà, nígbà tí ọmọ yín bá sọ pé ìdúnàádúrà, ìdúnàádúrà, ẹ bi í ta ni onílàjà, kí ló fẹ́ gbà lọ́wọ́ wa, níbo ni yóò sì sùn sí lálẹ́ ọjọ́ tí ìjà bá parí.

Ọ̀rọ̀ ogun abẹ́lé ti oṣù Keje 1967 sí oṣù Kìíní 1970, díẹ̀ ni n ó fi kàn án, torí egbò rẹ̀ ṣì tútù nílé ọ̀pọ̀ èèyàn. Wole Soyinka, tí Yunifásítì Ìbàdàn ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ṣe olórí ẹ̀ka eré orí ìtàgé, kọjá lọ bá Ojukwu ní 1967 pé kí wọ́n wá ọ̀nà míì. Ìjọba mú un, ó di 1969 kó tó jáde. Ọ̀dàlẹ̀ ni ọ̀pọ̀ pè é nígbà náà. Ẹ wá wo èyí: ọjọ́ karùndínlógún oṣù Kìíní la fi ń rántí àwọn sójà tó kú, tí gómìnà ń fi òdòdó sílẹ̀, tí wọ́n ń tú àdàbà sílẹ̀, tí àwọn opó sójà ń jókòó lábẹ́ àtíbàbà. Kí ló ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ yẹn? Ọjọ́ tí Biafra túúbá ní 1970 ni, ọjọ́ tí ogun dáwọ́ dúró. Orílẹ̀-èdè yìí fúnra rẹ̀ kò rí ọjọ́ tó dára jù bẹ́ẹ̀ lọ láti bu ọlá fún sójà.

Ẹ jẹ́ ká wá dé Borno.

Ẹ̀gbọ́n bàbá yín rí ohun kan tó tọ́. Boko Haram kì í ṣe Èkìtì Parapọ̀. Èkìtì fẹ́ kí a kó ajẹ́lẹ̀ wa kúrò ní ìlú wọn. Ìyẹn ṣeé fi ṣàdéhùn. Àwọn wọ̀nyí ń pa ọmọ iléèwé lórí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n kó ọmọbìnrin 276 ní Chibok ní oṣù Kẹrin 2014, wọ́n sì pín sí ìhà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ tó ń pa ara wọn. Irú ìjà bẹ́ẹ̀ ni Shekau, olórí wọn, bá lọ ní 2021. Ẹni tó bá bá ìhà kan ṣàdéhùn, kò tíì bá èkejì sọ̀rọ̀. Àti pé bí sójà bá kúrò ní Maiduguri lónìí, àwọn ará ibẹ̀ ló máa já lu omi.

Ṣùgbọ́n bàbá gbọ́dọ̀ gbọ́ èyí náà. Àjọ UNDP ti Ìparapọ̀ Àwọn Orílẹ̀-èdè ṣírò rẹ̀ pé nígbà tí 2020 fi parí, èèyàn tó súnmọ́ 350,000 ni ogun yìí ti pa, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn kì í ṣe ọta ló pa wọ́n. Ebi, àìsàn àti àìsí dókítà ni, ọmọdé ló sì pọ̀ jù. Nínú àwọn ọmọ Chibok tó padà wálé, 21 ní 2016 àti 82 ní 2017 kò ti ẹnu ìbọn wá. Àdéhùn ló mú wọn wá. Ó sì ní ohun tó ná wa: wọ́n tú àwọn ọ̀gá Boko Haram kan sílẹ̀ nítorí wọn. Bí inú bá bí sójà tó fi ẹ̀jẹ̀ mú irú àwọn ọ̀gá bẹ́ẹ̀, n kò ní bá a wí. Bí ìyá ọmọ kan bá sì kúnlẹ̀ fún ẹni tó ṣàdéhùn náà, n kò ní bá ìyẹn wí.

Àtìlẹ́yìn ńkọ́? Ní oṣù Kejìlá 2014, ilé ẹjọ́ ológun dájọ́ ikú fún sójà 54 pé wọ́n kọ̀ láti lọ sójú ìjà. Ohun tí àwọn sójà náà ń sọ ni pé ohun ìjà tó yẹ kò sí lọ́wọ́ àwọn. Wọ́n wá yí i sí ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́wàá nígbà tó yá. Mo fẹ́ mọ ibi tí gbogbo àwọn tó ń sọ pé ẹ ti sójà lẹ́yìn wà lọ́sẹ̀ yẹn. Èmi rántí pé níbi tí a ti ń ka ìwé ìròyìn lójú títì, "ojo ni wọ́n" lẹnu àwọn kan ń sọ. Ṣakabùlà níwájú Snider ni wọ́n rán wọn lọ, ojo la wá pè wọ́n.

Láti 2016 ni ìjọba ti ní ètò kan ní Gombe fáwọn tó bá fi igbó sílẹ̀, tó jọ̀wọ́ ìbọn, tó fẹ́ padà di èèyàn. Operation Safe Corridor lorúkọ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ sójà kò fẹ́ràn rẹ̀, àwọn ará abúlé tí wọ́n pa ọkọ àti ọmọ wọn kò fẹ́ràn rẹ̀ rárá, ìkérora wọn kì í ṣe ohun tí èèyàn ń fi ọwọ́ gbá dànù. Síbẹ̀, bí ẹ bá bi mí, mo fara mọ́ ọn. Ọ̀tá tí kò ní ọ̀nà àbọ̀, àbúrò yín ni yóò kú mọ́ lára. Bó ṣe ṣe ní Ìmẹ̀sí-Ilé nìyẹn. Ohun tí mo fẹ́ kí wọ́n tún ṣe ni pé kí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ náà ní ohùn níbẹ̀, kí àánú tí a ṣe fún ẹni tó padà má baà pọ̀ ju èyí tí a ṣe fún opó lọ.

Bí ẹ bá padà sípàdé, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi yín sáàárín bí ìlù. Ẹ bi ẹ̀gbọ́n bàbá yín léèrè, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, kí ló ń pè ní àtìlẹ́yìn. Ṣé ìbọn tó dáa ni? Ṣé kí wọ́n máa pààrọ̀ wọn lásìkò, kí èèyàn má lọ lẹ́ẹ̀mẹta kí ẹlòmíì má lọ rárá? Ṣé owó opó tó yẹ kó tètè jáde ni? Àbí kí ẹnikẹ́ni má ṣáà sọ̀rọ̀ ni? Tó bá jẹ́ ti ìkẹyìn yìí ni, ẹ sọ ìtàn Ẹfúnṣetán fún un. Ọmọ yín náà, ẹ ní kó yà á fún yín lórí bébà: lọ́jọ́ tí sójà bá ń bọ̀, ta ni yóò ṣáájú, ta ni yóò gbẹ̀yìn, ta ni yóò dúró ti àwọn ará Borno. Ọmọ Pólì ni, ó yẹ kó lè yàwòrán.

Kí ẹ má sì pe àbúrò yín lórí fóònù pé kó dá ẹjọ́ yìí fún yín. Ẹni tó wà nínú ibùdó kì í lè sọ tinú rẹ̀ tán fún ẹni tó wà nílé. Bó bá ní ó ti sú òun, wọ́n á pè é ní ojo, bó bá ní kó máa lọ, ẹ̀yin á sunkún. Ẹ bi í bóyá ó jẹun, ẹ bi í bóyá ó sùn.

Nǹkan kan ló kù tí ẹ kò kọ sínú ìwé yín. Ẹ dárúkọ ẹ̀gbọ́n bàbá yín, ẹ dárúkọ ọmọ yín, ẹ dárúkọ ara yín. Ẹ kò sọ fún mi bóyá ìyàwó rẹ̀ wà níbi ìpàdé náà. Láti Òdògbó sí Bẹẹrẹ, mọ́tò méjì ni. Bí kò bá sí níbẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi owó mọ́tò ránṣẹ́ sí i, kí ẹ sì jẹ́ kó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ kí àwọn ọkùnrin tó là ẹnu.